Ṣé ikùn tó yó ló ń bí ìjọba tiwa-n-tiwa? Íjíbítì, Tùnísíà àti àwọn olówó epo

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Láti àárọ̀ la ti ń jiyàn. Ó ní ìṣòro àwọn Lárúbáwá kò ju ebi lọ, pé bí owó bá ti wọlé, òṣèlú wọn á tún ara rẹ̀ ṣe. Ó tún yí i padà, ó ní àwọn ará Dubai kì í dìbò, wọn kì í sì í ṣàròyé, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìbò ṣe? Mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèjì ta kora, ó ní kí n lọ sinmi. Ẹni tó bá ti gbé lọ́dọ̀ wọn rí kó dá sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má to ìwé lé mi lórí o. Ohun tójú yín rí ni mo fẹ́.

* * *

Àbúrò, mo gbé Káírò láti oṣù kejì 2008 títí di 2012. Kéú ló gbé mi lọ, bó ṣe gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin àti Ìbàdàn lọ sí yunifásítì Al-Azhar ṣáájú mi. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, mo gbà. Síbẹ̀, ẹni tó bá tò fún búrẹ́dì láàárọ̀ á rí ohun tí ẹni tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì ò lè rí.

Orí ìlà búrẹ́dì yẹn ni mo ti kọ́ òṣèlú wọn. "Khubz" ni ọ̀pọ̀ Lárúbáwá ń pe búrẹ́dì, àmọ́ àwọn ará Íjíbítì ń pè é ní "aish", ọ̀rọ̀ kan náà tó túmọ̀ sí ìwàláàyè. Èyí tí ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ gbè, qirsh 5 ni wọ́n ń tà á nígbà náà, qirsh 100 ló sì ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Ẹ mọ ohun tí ará ọjà ń pe qirsh 5? "Shilin." Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa mí. Ṣílè tí ìyá bàbá mi ń sọ, òun ni mo lọ bá ní Káírò. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló fi í sílẹ̀ fún àwa àti àwọn.

Oṣù kẹta 2008, àlìkámà gbówó lórí káàkiri ayé. Ìlà gùn dé títì. Àwọn kan kú níbẹ̀, ìjà pa òmíràn, àárẹ̀ pa òmíràn. Ààrẹ Mubarak ní kí àwọn ológun máa ṣe búrẹ́dì fún aráàlú. Ológun tó ń po ìyẹ̀fun! Oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Mahalla al-Kubra dìde, ọlọ́pàá sì yìnbọn fún wọn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ti kọ́kọ́ wó. Ọdún tí wọ́n ń kú lórí ìlà búrẹ́dì yìí, ọrọ̀-ajé Íjíbítì ń dàgbà ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ayánilówó lágbàáyé ń yìn wọ́n. Owó ń wọlé, ilé gogoro ń jáde ní ẹ̀yìn ìlú. Èmi àti ọkùnrin tó tò síwájú mi ò rí i nínú búrẹ́dì.

* * *

Mo rí àwọn tó kọ ọ́ pé "ebi ló fa ìdìde àwọn Lárúbáwá ní 2011, ó tán." Kò tán o. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Tùnísíà, níbi tí iná náà ti ràn.

Gbogbo ayé ló mọ orúkọ Mohamed Bouazizi ti Sidi Bouzid, tó dáná sun ara rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejìlá 2010. Ohun tí àwọn èèyàn ń tún sọ káàkiri ni pé ó jáde yunifásítì, kò ríṣẹ́. Irọ́ ni. Kò parí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pàápàá. Èso ló ń tà lórí ọmọlanke, ó sì ń fi í bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Kì í ṣe pé ebi ń pa á kú lọ́jọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gba ọjà rẹ̀, wọ́n gba òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì gómìnà láti béèrè rẹ̀, wọn ò dá a lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń tajà, ẹ mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́. Ẹni tó gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ọlọ́jà ti sọ fún un pé kó má ṣòwò mọ́.

Ọrọ̀-ajé Tùnísíà náà kò kúkú kú. Nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dàgbà lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibo wá ni èrè ń gbà lọ? Àyẹ̀wò Báńkì Àgbáyé tó jáde ní 2014 rí ilé-iṣẹ́ 220 tó so mọ́ ìdílé Ààrẹ Ben Ali àti àwọn àna rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ìdá mẹ́rin kan nínú gbogbo èrè àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lórílẹ̀-èdè náà wà lọ́wọ́ wọn, ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún gan-an. Òfin ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, òfin kan náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. "Wasta" ni àwọn Lárúbáwá ń pe irú nǹkan yẹn. Àwa ń pè é ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹni tí kò ní wasta, bó kàwé bó ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ló máa wà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní 2011, Ben Ali sá lọ sí Sàúdí lẹ́yìn ọdún 23 lórí oyè. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, Káírò gbiná. Mo wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ké ní Gbàgede Tahrir ni "aish, horreya, adala egtema'eya": búrẹ́dì, òmìnira, ìdájọ́ òdodo láwùjọ. Ẹ kíyè sí i pé mẹ́ta ni wọ́n béèrè, lẹ́ẹ̀kan náà.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé: "Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti jẹ búrẹ́dì olówó pọ́ọ́kú fún àádọ́ta ọdún, kí ló dé tí wọn ò ti dìde tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n dìde rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ àdéhùn tó wà nílẹ̀. Láyé Ààrẹ Nasser, ní àwọn ọdún 1960, ìjọba ṣèlérí iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá jáde yunifásítì. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, búrẹ́dì pọ́ọ́kú, iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí ìjọba ń gbà padà kò sí nínú ìwé òfin kankan: ẹ jẹun, ẹ panu mọ́. Ọwọ́ tó bá fúnni ní í lékè. Ọ̀pọ̀ ìlú Lárúbáwá ló ṣe irú àdéhùn yìí, ti Íjíbítì ló hàn gbangba jù. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí yẹn lè dúró fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó pè é. Ọmọ onílé tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Nasr City kàwé ìṣirò owó, takisí ló ń wà. Àdéhùn ti bàjẹ́ níbi iṣẹ́, àmọ́ ti ìpanumọ́ ṣì wà.

Ìdìde wá. Ní oṣù kìíní 1977, Sadat, ààrẹ tó gbapò Nasser, gbìyànjú láti gé owó ìrànwọ́ orí ìyẹ̀fun, ìrẹsì àti òróró, torí àwọn ayánilówó ní kó gé e. Ọjọ́ méjì péré, ìlú dàrú láti Aswan dé Alexandria, ó lé ní 70 èèyàn tó kú. Sadat dá owó náà padà. Ní Tùnísíà, láti òpin 1983 wọ 1984, búrẹ́dì gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan, ìgboro dàrú, Ààrẹ Bourguiba bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí gbogbo nǹkan padà síbi tó wà.

Ẹ̀kọ́ wo ni àwọn ìjọba kọ́? Wọ́n kọ́ pé kéèyàn má fọwọ́ kan iye tí wọ́n kọ sára búrẹ́dì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kéèyàn fọwọ́ kàn. Shilin yẹn kò yí padà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, àmọ́ ní 2020 nìkan búrẹ́dì náà kúrò ní gíráàmù 110, ó di 90. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra búrẹ́dì lágbègbè yín, mo rò pé mi ò ní láti ṣàlàyé èyí síwájú sí i.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń fẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù Nàìjíríà, ẹ lọ dá tiyín sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jọra. Bí a bá kó o wọ ibí, a ò ní padà sí ìbéèrè àbúrò mi mọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ Dubai wàyí.

"Wọn kì í dìbò": wọ́n ń dì í díẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà ní orílẹ̀-èdè wọn, United Arab Emirates, tí Dubai jẹ́ ìpín kan nínú rẹ̀, tí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní ọba tirẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ 40 ni. Láti 2006 ni wọ́n ti ń dìbò yan 20 nínú wọn, àwọn ọba sì ni wọ́n ń yan ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn olùdìbò kò tó 7,000. Ìmọ̀ràn ni ìgbìmọ̀ náà ń mú wá, kò lè ṣòfin. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, kì í ṣe onílé.

"Wọn kì í ṣàròyé": ní oṣù kẹta 2011, ọmọ orílẹ̀-èdè náà 133 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ní ilé-aṣòfin tí aráàlú yàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn. Ní 2013, wọ́n gbé èèyàn 94 lọ sílé-ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní òun ò gbóhùn ẹnikẹ́ni, kó béèrè ibi tí àwọn tó fọhùn wà.

Ohun kejì: nínú èèyàn mẹ́wàá tó rí ní Dubai, bóyá ni ọmọ onílùú á ju ẹyọ kan lọ. Àwọn Índíà, Pakistan, Bangladesh, Fílípíìnì àti àwa ni ìyókù. Ìgbà tí àwa bá lọ tajà ní Deira, tá a ní "ìlú yìí dùn", a ò bi ẹni tó ń gbé bíríkì nínú oòrùn bóyá ó dùn mọ́ òun. Àdéhùn ẹ jẹun-ẹ panu mọ́ rọrùn láti pa mọ́ níbi tí àwọn tó ń jẹun nínú rẹ̀ kò ti pọ̀, tí kànga epo sì jìn.

Àwọn kan níbí ní owó-orí ló ń bí ìbò: ìjọba tí kò bá gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ kò jẹ ọ́ ní àlàyé, bó bá wá gbà á, á ṣàlàyé. Èmi náà gba èyí gbọ́ tẹ́lẹ̀. Sàúdí ló dà á rú mọ́ mi lójú. Ní 2011, Ọba Abdullah kéde nǹkan bí bílíọ̀nù 130 dọ́là fún ilé, iṣẹ́ àti owó-oṣù, ìgboro sì dákẹ́. Kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní 2018 wọ́n gbé owó-orí lé orí ọjà, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù keje 2020 wọ́n sọ ọ́ di 15. Ìlọ́po mẹ́ta! Ìbò wo ló bá a wá? Kò sí. Ohun tó bá a wá ni sinimá, eré orin, àti pé obìnrin lè wakọ̀ láti oṣù kẹfà 2018. Àwọn obìnrin tó ti ń jà fún ìwakọ̀ yẹn ńkọ́? Ní oṣù tó ṣáájú gan-an ni wọ́n mú lára wọn. Ọba fẹ́ kí ó hàn pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́ tẹ́nì kan jà gbà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ìjiyàn yìí wà.

Kùwéètì sì wà níbẹ̀ láti dààmú ẹni tó bá ní epo àti ìbò ò lè jọ gbé. Láti 1963 ni wọ́n ti ní ilé-aṣòfin tó ń pe mínísítà wá jíhìn tí òógùn sì ń bò ó. Ọba wọn ti í pa ní oṣù karùn-ún 2024, ó ní ó lè tó ọdún mẹ́rin.

* * *

Sí ẹ̀gbọ́n tó ní "kí wọ́n gé owó ìrànwọ́ búrẹ́dì, kí wọ́n pín owó lọ́wọ́ fún tálákà, ìyẹn ló mọ́gbọ́n dání." Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ olè, òótọ́ sì ni. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun ni ìjọba ń tà fún oníbúrẹ́dì ní pọ́ọ́kú. Oníbúrẹ́dì á ṣe díẹ̀, á gbé àpò ìyókù gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà. Àwọn kan ń ra búrẹ́dì náà fún adìyẹ wọn torí ó dín ní owó oúnjẹ adìyẹ. Ní 2014 wọ́n yí i padà: oníbúrẹ́dì ń ra ìyẹ̀fun ní iye ọjà, ìdílé ní káàdì, búrẹ́dì márùn-ún lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí káàdì bá sì wọ ẹ̀rọ ni ìjọba á tó san ìyàtọ̀. Ìlà kúrú. Olè dínkù. Ìjọba tó ń na pàṣán ló ṣe èyí o, mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àmọ́ owó lọ́wọ́? Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọ̀wọ́n gógó ní ìgboro Íjíbítì dé ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Pọ́n-ùn wọn, tí kò tó 9 fún dọ́là kan ṣáájú oṣù kọkànlá 2016, dé nǹkan bí 50 ní oṣù kẹta 2024. Owó tẹ́ ẹ bá kà sí ìyá kan lọ́wọ́ lónìí, á yọ́ kó tó délé. Búrẹ́dì márùn-ún ò yọ́. Ẹni tí kò bá fọkàn tán ìjọba á yan ohun tó ṣe é jẹ.

* * *

Ní kúkúrú fún àwọn tó ń béèrè ibòmíràn. Lẹ́bánónì, oṣù kẹwàá 2019: ìjọba fẹ́ gba dọ́là 6 lóṣù lórí ìpè WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti fagi lé e, ṣùgbọ́n èèyàn ti kún títì, Hariri, olórí ìjọba, sì fipò sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni báńkì ti owó wọn mọ́lé. Jọ́dánì, 2018: owó-orí gbé olórí ìjọba lọ, àwọn olówó epo mẹ́ta sì dá bílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là jọ kí ilé aládùúgbò má bàa jó. Sùdáánì ló dùn mí jù. Búrẹ́dì kúrò ní pọ́n-ùn kan, ó di mẹ́ta, ìlú Atbara dìde ní oṣù kejìlá 2018, Ààrẹ al-Bashir tó ti wà lórí àga láti 1989 ṣubú ní oṣù kẹrin 2019. Ológun bá aráàlú pín àga, ó gbà á padà ní 2021, ẹgbẹ́ oníbọn méjì sì dojú ìjà kọ ara wọn láti oṣù kẹrin 2023. Búrẹ́dì lè lé ọba lọ. Kò lè yan ẹni tó máa jókòó.

* * *

Àbúrò, o ní mo sá fún ìbéèrè rẹ. Mi ò sá. Mo fẹ́ kí Tùnísíà kẹ́yìn ni.

Kí ló dé tí Tùnísíà fi gbìyànjú fún ọdún mẹ́wàá, tí Íjíbítì ò sì lò ju ọdún kan lọ lábẹ́ Morsi, ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn lẹ́yìn tí Mubarak ṣubú, kí ológun tó padà ní oṣù keje 2013? Àwọn kan níbí ní torí Tùnísíà kéré, tàbí torí wọ́n gbọ́ Faransé. Èmi ní torí UGTT ni, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí Farhat Hached dá sílẹ̀ ní 1946. Ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìlú, títí kan Sidi Bouzid. Nígbà tí nǹkan fẹ́ dàrú ní 2013, òun àti ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn ló jókòó ti àwọn olóṣèlú títí ìwé òfin tuntun fi jáde ní 2014. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2015. Ní Káírò, láàárín aráàlú àti ológun, kí ló wà? Mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ Ikhwan (Muslim Brotherhood), ẹgbẹ́ Morsi. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àpò ìjọba ló ti ń jẹun láti ìgbà Nasser.

Ṣé UGTT wá bu búrẹ́dì fún Tùnísíà? Rárá. Ìjọba ń ṣubú, òmíràn ń gorí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Sidi Bouzid ṣì jókòó síwájú ilé tíì. Nígbà tí Ààrẹ Kais Saied ti ilé-aṣòfin pa ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù keje 2021, àwọn èèyàn jáde jó lójú títì. Mo rí i lórí fóònù, mo sì bínú sí wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo rántí pé èmi tí mò ń bínú ti jẹun kí n tó wò ó.

Ní oṣù kejì 2023 Saied yíjú sí àwọn aláwọ̀ dúdú, ó ní ọ̀tẹ̀ ni wíwá wọn. Wọ́n lù wọ́n nígboro, onílé lé wọn síta, Guinea àti Ivory Coast fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ọmọ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ó kọ ètò owó àwọn ayánilówó, ó ń rán wọn létí àwọn tó kú nítorí búrẹ́dì ní 1984. Ìlà búrẹ́dì tún gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn. Ó padà wọlé ní oṣù kẹwàá 2024 pẹ̀lú ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Nínú olùdìbò mẹ́wàá, mẹ́ta ò pé tó jáde.

Ohun tí màá sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ nìyí: ìlú kan wà tí wọ́n yó tí wọn ò dìbò, ìlú kan wà tí wọ́n dìbò tí wọn ò yó. Bó bá jẹ́ ikùn ló ń bí ìbò, a ò bá ti rí ọmọ náà. Kó béèrè ọwọ́ ẹni tí búrẹ́dì ń gbà jáde. Kó tún béèrè bóyá ẹni tó ń jẹ ẹ́ ní ibòmíràn tó lè dúró sí bí ó bá fẹ́ la ẹnu.

* * *

Ìdáhùn kékeré sí ẹni tó béèrè bóyá shilin yẹn ṣì wà.

Kò sí mọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2024, ìjọba Ààrẹ el-Sisi sọ búrẹ́dì náà di qirsh 20, ìlọ́po mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, irú ohun tí Sadat dánwò tó sì ní láti dá padà. Kò sẹ́ni tó jáde. Mo pe ọmọ onílé mi, tó ṣì ń wa takisí. Mo ní ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Ó ní àwọn tó ń jáde wà lẹ́wọ̀n, àwọn tó kù ń sanwó. Mo ní kí lẹ wá ń pe búrẹ́dì náà báyìí, tí kì í ti í ṣe ti shilin mọ́? Ó ní orúkọ qirsh 20 ti wà látayébáyé, "riyal" ni àwọn àgbà ń pè é, orúkọ kan náà tí owó Sàúdí ń jẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní: "Ó dẹ̀ bá a mu. Ṣebí owó àwọn olówó epo Gulf náà la fi ń jẹun."